Wi-Fi, Zigbee, Z-Wave tàbí Thread: èwo ni kí ẹ rà sílé?

Kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń ta gílóòbù tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń gbàṣẹ lórí fóònù, ẹ yí páálí rẹ̀ wò lẹ́yìn, kí ẹ mọ ọ̀nà aláìlówáyà tó ń gbà sọ̀rọ̀: Wi-Fi, Zigbee, Z-Wave tàbí Thread. Gílóòbù méjì lè jọra bí ìbejì lórí àtẹ, síbẹ̀ kí ọ̀kan má gbọ́ràn sí yín lẹ́nu láé, torí pé kò sí ohun tó gbọ́ èdè rẹ̀ nílé yín.

Wi-Fi àti Zigbee

Wi-Fi ló yá jù láti fi bẹ̀rẹ̀, torí ráútà ti wà nílé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irú nǹkan báyìí ò mọ̀ ju ìgbì rédíò 2.4 GHz lọ. Bí ráútà bá fi orúkọ kan ṣoṣo pe 2.4 àti 5 GHz, tí fóònù yín sì wà lórí 5, ó lè kọ̀ láti wọlé. Odidi ìrọ̀lẹ́ kan ni mo fi bá sọ́kẹ́ẹ̀tì kan wọ̀jà bẹ́ẹ̀. Iná ara rẹ̀ kàn ń ṣẹ́jú sí mi ni. Bí mo ṣe pa 5 GHz fúngbà díẹ̀, kíá ló wọlé. Ohun tí mi ò tíì dárí jì wọ́n ni pé àṣẹ púpọ̀ nínú wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rìnrìn àjò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ sí ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n kí iná yàrá tó tàn. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, ẹ padà sídìí súwíìsì ara ògiri nìyẹn.

Zigbee fẹ́ olórí: hub (àpótí kékeré tó ń darí àwọn yòókù), tàbí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò USB kọ̀ǹpútà tó ń lo Home Assistant, ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí ohun èlò ilé. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ẹ bá ń lo Home Assistant, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Kì í jẹ iná púpọ̀. Bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 lè gbé sẹ́ńsọ̀ ilẹ̀kùn (ẹ̀rọ tó ń mọ̀ bí ilẹ̀kùn bá ṣí) fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti ń ṣìnà ni pé èyí tó ń jẹ iná ògiri nìkan ló ń bá àwọn yòókù gbé ọ̀rọ̀ kọjá. Ẹni tó ra sẹ́ńsọ̀ mẹ́wàá láìra sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, tẹ̀yìnkùlé ò ní pẹ́ sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ẹnì kan bá sì pa gílóòbù láti ara ògiri, sẹ́ńsọ̀ tó ń gbẹ̀yìn rẹ̀ sọ̀rọ̀ á yadi. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni kì í pa ni kí ẹ fi ṣe afárá.

Ẹ má sì ki ẹ̀rọ kékeré yẹn bọ USB 3.0 gbọnrangandan, ariwo ihò náà ń dí i létí. Wáyà USB gígùn díẹ̀ ti tó oògùn rẹ̀.

Z-Wave

Kò sí lórí 2.4 GHz, nítorí náà òun àti Wi-Fi kì í jà, ó sì ń la ògiri dáadáa. Àmọ́ 868 MHz ni ti Yúróòpù, 908 ni ti Amẹ́ríkà; bí ẹ bá ra ti ibì kan mọ́ hub ti ibòmíràn, wọn ò ní fojú kan ara wọn. Bó bá jẹ́ àlòkù, ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò lábẹ́ hub olówó rẹ̀ àtijọ́. Hub tiyín náà lè ṣe é.

Thread àti Matter

Àwọn èèyàn máa ń da méjèèjì pọ̀. Matter, tó jáde lọ́dún 2022, èdè ni. Thread àti Wi-Fi wà lára ọ̀nà tí èdè náà ń gbà. Nítorí náà àmì Matter lára páálí ò tíì tó: bó bá jẹ́ ti Thread, ẹ gbọ́dọ̀ ní border router, ẹ̀rọ tó ń so Thread pọ̀ mọ́ Wi-Fi ilé, bíi HomePod mini. Ohun tó wù mí nínú Matter ni pé áàpù Apple àti ti Google lè jọ máa darí gílóòbù kan náà. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà oní-dígíìtì 11 ara rẹ̀, tí wọ́n fi ń so ó mọ́ áàpù, kí ẹ tó gbé e gun àjà. Mo ti gun àkàbà lẹ́ẹ̀mejì nítorí èyí.

Èwo ni èmi á rà?

Bí kò bá ju sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lọ, Wi-Fi tó ní Matter. Bí sẹ́ńsọ̀ bá máa pọ̀, Zigbee, láìjanpata. Z-Wave, àfi bí Wi-Fi àwọn aládùúgbò bá ti gba afẹ́fẹ́ 2.4 GHz yín tán. Ní ti súwíìsì ara ògiri, ọ̀nà yòówù kó máa gbà sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná ṣí ògiri wò bóyá wáyà neutral (èyí tí iná ń gbà padà) wà níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣiṣẹ́ láìsí i.