Ẹ Ṣọ́ra fún Ẹni Tó Ń Ta Regulator "Olómi Tútù" Yìí, Ó Ti Lù Mí ní Jìbìtì

Ẹ̀yin tí ẹ ń mòòkùn nínú òkun tútù, ẹ dákun, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí. Tí mo bá sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì, ẹ bá mi fara dà á.

Ọkùnrin kan ló gbé regulator (ẹ̀rọ tí a fi ń mí afẹ́fẹ́ inú sílíńdà lábẹ́ omi) àti drysuit (aṣọ ìmòòkùn tí omi kì í wọ̀) síta fún títà, ó ní ẹ̀ẹ̀mejì péré lòun lò ó. Mo bi í léèrè, ẹ gbọ́ o, mo bi í: ṣé omi tútù ni wọ́n ṣe regulator yìí fún? Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má mikàn, abẹ́ yìnyín gan-an ni mo ti lò ó." Ẹ̀gbọ́n! Gbájúẹ̀ ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Ó ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u palẹ̀ tún un ṣe ni, ó sì lẹ sítíkà kékeré kan mọ́ first stage, irin tó máa ń wà lẹ́nu sílíńdà, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe. Mo san owó tí mo fi oṣù mẹ́rin kó jọ. Àkáǹtì "àbúrò" rẹ̀ ló ní kí n san án sí, torí pé tòun "ní wàhálà díẹ̀". Mo mọ̀. Ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́.

Nígbà tí ẹrù dé, pọ́dà bo rọ́bà ọrùn drysuit náà bí ọmọ ìkókó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, àfi ìgbà tí mo fà á kó tó tú. Rọ́bà tó ṣì dáa kì í lẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀! Mo ń sọ fún ara mi pé bóyá ooru inú páálí ló fà á. Ta ni mo ń tàn jẹ?

Ọjọ́ Sátidé la jáde, àwa mẹ́fà nínú ọkọ̀ onírọ́bà kékeré, omi wà ní 7°C. Mo fẹ̀yìn ṣubú sómi bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe. A ò tíì dé mítà 5 tí omi ti ń gba ojú síìpù wọlé, ó ń ṣàn wá sí ìbàdí mi díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti padà. N ò padà, torí n ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé èmi ni mo ba òde jẹ́. Ní mítà 18, regulator yẹn dún ṣàà, afẹ́fẹ́ ń tú jáde, kò dáwọ́ dúró. Mo wo geèjì tó ń fi agbára afẹ́fẹ́ inú sílíńdà hàn: 140 bar. Mo tún wò ó: 110. Ẹnìkejì mi ti fún mi ní ẹnu ìmí kejì tó gbé sáyà, ó sì na ọwọ́ sẹ́yìn mi, ó ti sílíńdà mi pa. A rọra gòkè, a dúró ní mítà 5 fún ìṣẹ́jú 3 bó ṣe yẹ. Ìṣẹ́jú 3 péré, omi tútù ti dé orúnkún mi nínú aṣọ tí wọ́n ní omi kì í wọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kì í ṣe àràmàǹdà. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú sílíńdà ní bíi 200 bar máa ń já sí nǹkan bíi 10 bar lórí ti omi tó yí i ká nígbà tó bá kọjá first stage, ìjálulẹ̀ yẹn ló ń mú un tutù ju omi fúnra rẹ̀ lọ. Tí omi bá ráyè dé ibi tí spring wà, ó lè dì síbẹ̀, fáàfù ò sì ní lè padé mọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń dí ibẹ̀ pa nínú èyí tí wọ́n ṣe fún omi tútù.

Inú ọkọ̀ wá ni ìtìjú gidi ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ gba regulator lọ́wọ́ mi, ó fi èékánná rẹ̀ họ sítíkà yẹn kúrò. Wọ́n kọ ọ́ sára irin lábẹ́ rẹ̀ gbangba: EN 250 (ìlànà Yúróòpù fún regulator), >10°C. Ìyẹn ni pé omi tó bá ti tutù tó 10°C, kò sí lára iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ta ló tà á fún ẹ?" Gbogbo wọn ń wò mí. Eyín mi ń gbọ̀n, n ò lè dáhùn.

Ẹnìkan ti sọ pé èmi ni mo ya ọ̀dẹ̀. Ó dáa. Mo ti mòòkùn ju ìgbà 80 lọ, inú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni gbogbo rẹ̀, n ò nídìí láti máa wá àmì yẹn. Ẹni tó fi sítíkà bò ó mọ ìdí tó fi bò ó! Ohun tó lè pa èèyàn ló tà, ó sì mọ̀.

Ẹ wo àmì ara irin, ẹ ṣí sítíkà kúrò. Drysuit: ẹ dí ọrùn àti ọwọ́ rẹ̀, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ẹ fi omi ọṣẹ pa síìpù, ibi tó bá ń hó, ibẹ̀ ló ti ń jò. Sílíńdà: ọjọ́ àyẹ̀wò tí wọ́n lù sí èjìká rẹ̀, kì í ṣe ti orí bébà. Ẹ má sanwó sí àkáǹtì àbúrò ẹnikẹ́ni. Ní tèmi, n ò ra àlòkù lọ́wọ́ ẹnì kankan mọ́, ìbáà jẹ́ olóòótọ́ bí omi àfòwúrọ̀pọn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lójú mi báyìí.

Ọkùnrin náà ti búlọ́ọ̀kì mi, n ò lè kọ̀wé ránṣẹ́ sí i mọ́. Àmọ́ lánàá, lábẹ́ orúkọ mìíràn, mo tún rí fọ́tò kan náà: tábìlì kan náà, sítíkà kan náà, "ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo lò ó." Regulator yẹn sì wà níwájú mi níbí. Èwo ló wá fẹ́ tà?