Dodge Charger láti SXT dé Hellcat: bí eré wọn ṣe rí lójú ẹni tó ń wà á ní Abuja

Dodge Charger, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà, ni mo ń wà báyìí, irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Scat Pack, ti ọdún 2018 (SXT, R/T àti Hellcat náà, irú Charger ni). SXT ni mo wà ṣáájú rẹ̀. R/T wà lọ́wọ́ àbúrò ìyàwó mi ní Gwarinpa, èmi àti ẹ̀ sì máa ń pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ nígbà míì. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Maitama náà ti fi Hellcat rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe àgbọ́sọ. Bí èèyàn bá fẹ́ ra Charger, ohun tó kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé, "Mélòó ló ń sá tó fi parí?" Iye yẹn ló sì máa fi yan èyí tó máa rà. Èmi ò fara mọ́ ọn. Nínú gbogbo ohun tó fi àwọn ọkọ̀ yìí yàtọ̀ síra, òpin eré ló wúlò fún wa kéré jù. Bí ọkọ̀ ṣe ń gbéra, bó ṣe ń dúró, taya tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ àti epo tó ń mu, ibẹ̀ ni owó yín wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tò wọ́n. Ti ọdún 2015 sí 2023 ni mò ń sọ, àwọn tí wọ́n ṣe ní Brampton ní Kánádà. SXT ló wà nísàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì V6 (sìlíńdà mẹ́fà) oní lítà 3.6, agbára ẹṣin 292. GT náà V6 yẹn ló gbé, 300 ni wọ́n kàn sún un dé. Ọ̀dọ̀ R/T ni V8 (sìlíńdà mẹ́jọ) ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí Dodge ń pè ní HEMI, oní lítà 5.7, agbára ẹṣin 370. Scat Pack gbé lítà 6.4 tí àwa tó ń wà á ń pè ní 392, agbára ẹṣin 485. Lókè wọn ni Hellcat, lítà 6.2 tó ní supercharger (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì) lórí: 707 nígbà tó jáde ní 2015, 717 láti 2021. Redeye, Hellcat tó tún lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó dé ní 2021, gun 797. Jíà mẹ́jọ tó ń yí fúnra rẹ̀ ni gbogbo wọn ń lò.

Ó wá kan eré. Dodge ní Scat Pack lè sá 175 máìlì ní wákàtí kan, ìyẹn bíi kìlómítà 282. Hellcat ti 2015 lè sá 204 máìlì, bíi kìlómítà 328. Nígbà tó di 2020, wọ́n fẹ èjìká rẹ̀ síta, wọ́n pè é ní Widebody. Ẹ́ńjìnnì 707 yẹn náà ló ṣì gbé, àmọ́ òpin eré rẹ̀ já wálẹ̀ sí 196. Redeye wá dé pẹ̀lú 797 rẹ̀, 203 ló ṣe. Ẹ tún un kà: wọ́n fi agbára ẹṣin 90 lé ti 2015, síbẹ̀ kò bá a.

Afẹ́fẹ́ ló fà á. Taya tó fẹ̀ àti èjìká tó yọ síta ń fún afẹ́fẹ́ láyè láti di ọkọ̀ mú. Bẹ́ẹ̀, bí eré bá ṣe ń pọ̀, agbára tí ọkọ̀ fi ń la afẹ́fẹ́ kọjá ń pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Kí eré tó di ìlọ́po méjì, agbára tó máa borí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́jọ. Agbára Hellcat ju ìlọ́po méjì ti SXT lọ dáadáa, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ṣe ìṣirò náà, gbogbo wàhálà yẹn kò lè fi ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lọ kún òpin eré. Charger tuntun tó ń lo iná mànàmáná, Daytona Scat Pack, ní agbára ẹṣin 670, ó sì ń ti ìdúró dé 60 máìlì láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 3.3, ṣùgbọ́n òpin eré rẹ̀ kò pé 140 máìlì. Àwọn tó ṣe é mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Kìlómítà 100 ni òfin ìrìnnà gbà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní ojú ọ̀nà márosẹ̀, ìyẹn máìlì 62. SXT dé ibẹ̀ láì làágùn. Ẹni tó bá ti rí bí àwọn èèyàn ṣe ń sáré dá títì Kubwa kọjá ní ìrọ̀lẹ́, tó rí bí ọkọ̀ akérò ṣe ń ṣàdédé dúró ní Lugbe, kò ní bá mi jiyàn pé kò sí ibi tí èèyàn ti lè dán 282 wò níbí láì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ẹlòmíì wéwu. Mi ò dé ibẹ̀ rí, mi ò sì ní dé ibẹ̀. Ẹ kíyè sí èyí náà: tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, máìlì ni ojú rẹ̀ ń kà. Ẹni tó rí 80 tó rò pé kìlómítà ni, 129 ló ń sá yẹn. Ẹ wọ inú ètò ọkọ̀, kí ẹ yí àwòrán tó wà láàárín aago méjèèjì sí kìlómítà. Èmi ṣe é lọ́jọ́ tí mo gba kọ́kọ́rọ́.

Ọ̀rọ̀ taya ló ká mi lára jù. Òun ló ń sọ òpin eré ọkọ̀ yín, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ taya Scat Pack, ẹ máa rí 245/45ZR20, lẹ́yìn náà nọ́ńbà kékeré kan àti lẹ́tà kan. Lẹ́tà yẹn ni kí ẹ wò. T gba kìlómítà 190, H gba 210, V gba 240, W gba 270, Y gba 300. Kò sí bí ẹ́ńjìnnì ṣe lè le tó, V8 tó wọ taya H, 210 ni ọkọ̀ yẹn, ohun tó bá lé lórí ìyẹn, taya lè yọ awọ dànù. Ẹni tó ta ọkọ̀ fún mi fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó fi nǹkan dídán pa taya. Ìgbà tí mo nu ẹ̀gbẹ́ taya ni mo rí i pé Y ló wà níwájú, H ló wà lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ọkọ̀ yìí fi ń ti ara rẹ̀. Mo ní kó yọ wọ́n kí n tó san owó tó kù, ó bá mi fà á títí, ṣùgbọ́n ó yọ wọ́n.

Ẹ wo ọjọ́ orí rẹ̀ náà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó parí àkọlé DOT tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ taya ni: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Oòrùn oṣù Kẹta ní Abuja àti ọ̀dà tó gbóná janjan ń gbẹ taya kíákíá, taya tòkunbọ̀ tó ti jókòó sí ìsọ̀ kan fún ọdún mélòó kan kò yẹ ọkọ̀ tó wúwo tó tọ́ọ̀nù méjì. Taya 305 tí Widebody ń wọ̀ ṣòro láti rí, owó rẹ̀ ga, etí títì sì máa ń bó rọ́ọ̀mù rẹ̀ nítorí pé ó yọ síta. Mi ò lè gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti rà á fún ìlú yìí.

Bí ọkọ̀ ṣe ń gbéra ló dùn jù láti sọ. Láti ìdúró dé 60 máìlì, SXT máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà àbọ̀, R/T bíi márùn-ún, Scat Pack bíi 4.3, Hellcat bíi 3.6. Lórí ìwé, wọ́n sún mọ́ra. Lójú títì, ọ̀tọ̀ ni. Ẹ fojú inú wò ó pé ẹ wà lẹ́yìn tírélà lójú ọ̀nà Lokoja, lẹ́yìn Kwali, ẹ sì rí àyè tí kò gùn láti yà á sílẹ̀. Pẹ̀lú SXT, ẹ máa tẹ̀ ẹ́, jíà máa já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ́ńjìnnì máa ké, ọkọ̀ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbéra. Ó máa kọjá o, àmọ́ ẹ ti ní láti rò ó ṣáájú. R/T kì í bẹ ìrònú yẹn lọ́wọ́ yín. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, agbára rẹ̀ ti wà nílẹ̀, ọkọ̀ kàn máa ń lọ ni, láì pariwo. Tẹ́ ẹ bá wá padà sí eré jẹ́jẹ́, ó máa pa sìlíńdà mẹ́rin nínú mẹ́jọ láti fi ṣọ́ epo lò. Ohùn rẹ̀ máa yí padà díẹ̀, bí ẹ bá pa rédíò ẹ máa gbọ́ ọ.

Scat Pack ní tirẹ̀ máa ń lẹ èèyàn mọ́ ìjókòó. Lójú Airport Road, níbi tí wọ́n ti ń wọlé láti Lugbe, mo máa ń wo jígí, mo máa tẹ̀ ẹ́ fún bí ìmí ẹ̀ẹ̀kan, mo sì máa yára gbẹ́sẹ̀ kúrò torí pé 100 ti pé. Ohùn yẹn! Ó ń ti àyà bọ̀. Inú mi kì í yé dùn sí i. Àmọ́ nígbà òjò àkọ́rọ̀, tí epo àti eruku ẹ̀ẹ̀rùn ṣì wà lójú ọ̀dà, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń fẹ́ yà bàrá. Ẹ jẹ́ kí traction control rẹ̀, ohun tí kì í jẹ́ kí taya yọ̀, wà ní títàn, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ tẹ̀ ẹ́.

Bíréèkì Brembo ni Scat Pack ní, ìyẹn gan-an ni mo kà sí ìyàtọ̀ gidi láàárín òun àti SXT. Lọ́jọ́ kan, kẹ̀kẹ́ Márúwá yà síwájú mi lójijì ní Apo, ọkọ̀ dúró ṣánṣán láì yà sí ibì kankan. Hellcat tún ju bẹ́ẹ̀ lọ: písítìnnì mẹ́fà ló ń di bíréèkì iwájú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan mú, àwo bíréèkì náà fẹ̀ tó 39 sẹ̀ǹtímítà.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ epo, torí ibẹ̀ ni agbára ẹṣin tẹ́ ẹ sanwó fún ti ń jò lọ. Ìwé Scat Pack àti Hellcat ní kí ẹ lo epo 91, ìyẹn nọ́ńbà ọ́kíténì tó ń sọ bí epo ṣe lè fara dà á tó kí ẹ́ńjìnnì má bàa kan. Pẹtiróòlù tí ìlànà Nàìjíríà là kalẹ̀ náà 91 ni. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ máa rò pé ó bára mu. Kò bára mu. Ọ̀nà tí Amẹ́ríkà ń gbà wọn epo kò bá tiwa dọ́gba. 91 tiwa sún mọ́ 87 tiwọn, 91 tiwọn sì tó bíi 95 tàbí 96 tiwa. 87 yẹn ni SXT fẹ́, kò ní ìṣòro. R/T fẹ́ 89, àmọ́ ó lè fara mọ́ 87. Tẹ́ ẹ bá rọ epo lásán sínú 6.4, kọ̀ǹpútà rẹ̀ máa gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń kan, ó máa fa iná pílọ́ọ̀gì sẹ́yìn láti dáàbò bò ó, agbára á dínkù. Nínú ooru ọ̀sán, ó máa ń hàn sí mi kedere. Bí mo bá ti wà nínú gò-síló ní Berger fún ìgbà díẹ̀, ìgbéra àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ máa ń wúwo. Bí ó bá di ààjìn, tí atẹ́gùn tutù, ọkọ̀ náà á padà di ara rẹ̀.

Gíga ilẹ̀ náà ń gbà nínú rẹ̀. Mo gbé e lọ sí Jos, ìlú tó ga ju òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 1,200. V8 tí kò ní supercharger máa ń pàdánù bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ lórí mítà 300 kọ̀ọ̀kan, torí pé afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́. 485 yẹn á wá sún mọ́ 425. Lásìkò ọyẹ́, ẹ yọ àsẹ́ afẹ́fẹ́ wò lóòrèkóòrè. Tèmi máa ń pupa bí ilẹ̀ Zuba.

Ní ti àtúnṣe, HEMI ní pílọ́ọ̀gì méjì lórí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, mẹ́rìndínlógún lápapọ̀, ẹ má ra mẹ́jọ. Ọ́ìlì 5.7 ni 5W-20, ti 6.4 ni 0W-40, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Àrùn tó ń bá HEMI jà ni ìró "ká-ká-ká" tó ń wá láti inú, nígbà tí lífítà (irin kékeré tó ń bá ṣí fáàfù) bá ń jẹ kámúṣáàfù (ọ̀pá tó ń yí, tó ń tì í). V6 ní tirẹ̀ máa ń jo ọ́ìlì láti ilé àsẹ́ ọ́ìlì tí wọ́n fi rọ́bà líle ṣe láàárín ẹ́ńjìnnì. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni ti gbé ọkọ̀ náà gbóná kí ẹ tó dé. Mẹkáníìkì mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan ní Apo, fi orí sikirudiráfà gígùn ti ara ẹ́ńjìnnì, ó gbé etí lé ìdí rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì pa á, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ apá kejì." Ọkọ̀ kan wà tó ní ká fi sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, a sì fi í sílẹ̀.

Ẹni tó ń lọ ibi iṣẹ́ tó ń bọ̀, tó sì ń ro iye epo, SXT tó o. Ẹni tó bá fẹ́ V8 fún ìrìn àjò, R/T ni kó rà, kó sì fi owó tó kù ra taya gidi. Scat Pack ni mo yàn, òun ni mo tún máa yàn, nítorí bíréèkì rẹ̀ àti bó ṣe ń gbéra.

Hellcat ńkọ́? Kọ́kọ́rọ́ méjì ló ní. Pupa ló ń tú gbogbo agbára sílẹ̀, dúdú ń dá a dúró sí bíi 500. Dúdú ni ẹ̀gbọ́n wa máa ń fún mi, mi ò sì rí ojú títì kan ní Abuja tí dúdú yẹn kò tó. Lọ́jọ́ tó fún mi ní pupa, taya ẹ̀yìn kàn ń yí lórí ọ̀dà ni, ọkọ̀ kò tètè lọ ibì kankan. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ rà á, kó rí kọ́kọ́rọ́ pupa pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ kó tó sanwó, kó sì fi òun gan-an ṣí ọkọ̀ náà.