Obìnrin Ni Wọ́n Fi Ṣe Ṣàngó: Ohun Tí Mo Rí Níbi Eré Ọba Kò So ní Ọ̀yọ́

Nígbà tí mo gbọ́ pé ẹgbẹ́ òṣèré kan ń bọ̀ wá ṣe Ọba Kò So, eré nípa Ṣàngó ọba Ọ̀yọ́ àtijọ́, nílùú Ọ̀yọ́, tí wọ́n sì tún fi kún un pé obìnrin ni yóò ṣe Ṣàngó, ohun tí mo kọ́kọ́ wí ni pé wọ́n fẹ́ ba eré àwọn àgbà jẹ́. Dúró Ládiípọ̀ ni ó gbé eré náà jáde ní Òṣogbo lọ́dún 1963. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe Ṣàngó, ìyàwó rẹ̀, Abíọ́dún, sì ń ṣe Ọya. Bàbá mi wò wọ́n lójú ara rẹ̀, ohùn Ṣàngó tí ó máa ń sín jẹ fún wa nílé ni mo sì fi mọ Ṣàngó. Mo san ₦3,000 fún tíkẹ́ẹ̀tì, mo wá jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn kí n lè tètè jáde bí ó bá sú mi.

Irun ni ó kọ́kọ́ pa mí lẹ́nu mọ́. Obìnrin náà jáde pẹ̀lú irun dídì, oṣé, àáké olójú méjì Ṣàngó, lọ́wọ́ ọ̀tún, ṣẹ́ẹ̀rẹ́, igbá tí a máa ń mì kí ó dún, lọ́wọ́ òsì, ó sì wọ wàbì pupa aláwẹ́-awẹ́ tí ó máa ń fẹ̀ bí agboorùn bí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ bá ń pòyì. Kò sí ohun àràmàǹdà kankan nínú aṣọ yìí, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ẹlẹ́gùn wa, àwọn tí Ṣàngó máa ń gùn, ọkùnrin onírùngbọ̀n, ṣe ń múra jáde níbi ọdún Ṣàngó Ọ̀yọ́ tí àjọ UNESCO kọ sínú àkójọ àṣà àjogúnbá tí a kò lè fọwọ́ kàn ní 2023. Ọkùnrin ń dirun bí ìyàwó tuntun nítorí Ṣàngó, ẹnikẹ́ni kò sì pariwo. Mo yíjú sí ìyá àgbà tí ó jókòó tì mí, mo ní, “Ẹ jọ̀wọ́ mà, ṣé ó tọ́ kí obìnrin ṣe Ṣàngó?” Kò tilẹ̀ wo ojú mi. Ó ní, “Ọmọ mi, bí Ṣàngó bá gun ènìyàn, ta ni ó ń yẹ ìdí rẹ̀ wò?”

Síbẹ̀, n kò ní purọ́: ìbẹ̀rẹ̀ kò dán mọ́rán. Ó ń fi tipátipá ki ohùn rẹ̀ kí ó lè dún bí ti ọkùnrin, ọ̀rọ̀ sì ń há a lọ́fun. Ìgbà tí ó fi ìbínú náà sílẹ̀ fún ìyáàlù bàtá, tí ó sì ń fi ejìká lásán dá onílù lóhùn, ni ara mi tó bù máṣọ. Ibi tí Gbọ̀ǹkáà, ọ̀kan nínú àwọn jagunjagun Ṣàngó, ti lọ bá Tìmì, jagunjagun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ní Ẹdẹ, tí àwọn méjèèjì ń fi ọfọ̀ pàdé ara wọn, ni ó dùn mí jù lọ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rá eré náà wà. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì yẹn sáré ka ọfọ̀ bí ọmọ iléèwé tí ó ń ka ìsodipúpọ̀. Ọfọ̀ tí ẹni tí ń pè é kò mí sí, báwo ni yóò ṣe mú ẹni tí ń gbọ́ ọ sùn?

Nígbà tí Ọya wá fẹ́ fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni mo mọ ìdí tí olùdarí fi yan obìnrin yìí. Ohun tí mo ti ń retí ni ìyàwó tí ń bẹ̀rù ọkọ, ṣùgbọ́n ẹni méjì tí àárẹ̀ ti jọ mú ni mo rí. Ọya kò sunkún. Ó tú ọ̀já tí ó wà ní ìdí Ṣàngó, ó ká a sí mẹ́rin, ó gbé e lé orí ẹrù rẹ̀, ó sì ń lọ. Gbogbo ìlù dákẹ́, àfi ṣẹ́ẹ̀rẹ́ nìkan ni ó ń dún, kì í sì í ṣe pé Ṣàngó ń mì ín: ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń gbọ̀n. Ìyá àgbà ẹ̀gbẹ́ mi ní “Olúkòso!” wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni tí ń ṣìpẹ̀ fún ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni kò jẹ́ kí a gbádùn ìparí. Nígbà tí gbogbo agbo gbé e pé ọba kò so, ariwo jẹnẹrétà àti híhó ẹ̀rọ náà ni a gbọ́ lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn fún ọjọ́ Sátidé, èmi àti bàbá mi ni a jọ ń lọ, ìlà kejì láti iwájú ni a ó sì jókòó sí.