Ẹ̀rọ kékeré tí mo fi kó kásẹ́ẹ̀tì fídíò ilé wa sínú láptọ́ọ̀pù

Ẹ̀rọ tí mò ń sọ yìí ò ju ìka méjì lọ. Ẹnu USB wà ní ọwọ́ kan, ihò fún waya tó ń bọ̀ láti ara ẹ̀rọ fídíò wà ní ọwọ́ kejì: yẹ́lò fún àwòrán, funfun àti pupa fún ohùn. Kò sí orúkọ ilé iṣẹ́ kankan lára páálí rẹ̀. ₦12,500 ni mo rà á ní Computer Village n'Ìkẹjà, nígbà tí ilé fọ́tò tó wà ládùúgbò wa ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, ń gba ₦6,000 lórí kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Odidi páálí kásẹ́ẹ̀tì ni ìyá mi kó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: ìsìnkú bàbá àgbà, ìkómọ àbúrò mi, ìṣílé, ìdúpẹ́ lóríṣiríṣi. Ẹ ṣírò owó yẹn wò.

Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni mò ń lò. RAM rẹ̀ jẹ́ 4GB, dísìkì inú rẹ̀ jẹ́ 128GB, àyè tó ṣẹ́kù níbẹ̀ ò sì pé 30GB. Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí mo rí lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tó ní dísìkì ńlá ni wọ́n bá wí. Wọ́n á ní kí ẹ gba àwòrán náà láì fún un pọ̀ rárá, ìyẹn láì sọ fáìlì rẹ̀ di kékeré, kó má baà bàjẹ́. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú fídíò PAL, ìyẹn ìlànà àwòrán tí à ń lò nílẹ̀ wa, wákàtí kan á jẹ nǹkan bíi 75GB. Láptọ́ọ̀pù mi ò lè gba ìdajì wákàtí. Èrò tèmi ni pé kásẹ́ẹ̀tì tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ò tún lè dúró de ìgbà tí a ó rówó ra dísìkì. Ẹ fún un pọ̀ bó ṣe ń wọlé, kó ṣáà ti wọlé.

Windows 10 dá ẹ̀rọ náà mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. CD kan wà nínú páálí, ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù mi ò ní ojú CD, mi ò sì nílò rẹ̀. OBS Studio, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tó ń gba fídíò sílẹ̀, ni mo fi ń gbà á. Mo fún un ní 4,000 kbps (ìwọ̀n dátà fún ìṣẹ́jú àáyá kan), wákàtí kan sì ń jẹ bíi 1.8GB. Kásẹ́ẹ̀tì E-180, tó jẹ́ wákàtí mẹ́ta, ò wá ju 5.6GB lọ. Mo máa ń gé e sí wẹ́wẹ́ níbi tí oníkámẹ́rà ti kúrò níbì kan lọ síbòmíràn. Èyí dára fún fíláàṣì FAT32 tí kì í gba fáìlì tó bá ju 4GB, ó sì dára fún ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, nítorí tó bá ti ń lọ sí wákàtí kan, ẹnu àti ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í ya ara wọn. Bí kásẹ́ẹ̀tì kan bá ti parí, mo ń kó o sórí háàdì dísìkì tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ dáwó rà, mo ń yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀, kí n tó pa ti orí láptọ́ọ̀pù rẹ́.

Nínú OBS, ẹ fi àwòrán sí 768x576, kó má baà tẹ́ẹ́rẹ́ lójú, kí ẹ sì yan 25 PAL. Ẹ tún tan Deinterlacing sí Yadif. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn tó ń jó á máa ní ìlà lára bí eyín òòyà.

Irú fáìlì tí wọ́n ń pè ní MKV ni kí ẹ fi gbà á, kì í ṣe MP4. Bí wọ́n bá mú iná lọ tí bátìrì láptọ́ọ̀pù sì kú, MP4 tí kò tíì parí ò ní ṣí mọ́, ṣùgbọ́n MKV á ṣí títí dé ibi tó dé. OBS kan náà lè sọ ọ́ di MP4 tó bá yá.

Ibi tí ẹ̀rọ yìí ti já mi kulẹ̀ ni aṣọ funfun. Léèsì funfun tí àwọn ìyá ìjọ wọ̀ níbi ìsìnkú wá di funfun gbòò, ẹ ò ní rí ọnà kankan lára rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ó hàn kedere lórí tẹlifíṣọ̀n. Mo dín Brightness kù ní Configure Video nínú OBS. Ó san díẹ̀, kò tán. Waya rẹ̀ náà kúrú jù.

Ṣùgbọ́n ohùn! Ní ìkómọ àbúrò mi, ní 1993, ìyá àgbà jókòó ti ìyá mi, wọ́n ń kì ọmọ náà. Ẹ̀rọ fídíò wa ò ní ihò ohùn ju ẹyọ kan lọ, etí òsì nìkan ni ohùn ti ń jáde. Mo fi àmì sí Mono ní Advanced Audio Properties, ó wá sí etí méjèèjì, mo sì fi headphone gbọ́ ọ. Níbẹ̀ ni ìyá àgbà ti dárúkọ ìyá tó bí wọn, pẹ̀lú oríkì rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ́ nínú ilé wa. Nítorí èyí nìkan, mo lè ra ẹ̀rọ yìí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó tí àǹtí mi fi ránṣẹ́ láti Houston ń yí gbirigbiri, kò sì ní àwọ̀. Ẹ̀bi ẹ̀rọ yìí kọ́: NTSC ni ìlànà kásẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà, kì í ṣe PAL, ẹ̀rọ fídíò tó ń gbé méjèèjì ló máa gbé e. Tòkunbọ̀ sì ni ẹ ó rà, nítorí láti oṣù Keje 2016 ni Funai ti Japan, tó kẹ́yìn nínú iṣẹ́ náà, ti dáwọ́ dúró. Ẹ tọ́jú rẹ̀: ẹ wo ojú kásẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kì í bọ̀ ọ́. Tí ẹ bá rí ohun funfun tó hu lára téèpù, ẹ má fi sí i, á ba orí ẹ̀rọ fídíò jẹ́. Kí ẹ sì ya ike kékeré ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni má baà gba nǹkan mìíràn lé e.

Tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ gbé láptọ́ọ̀pù yín dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ní kí wọ́n kì í bọ USB lójú yín láì fi CD kankan sí i. Tí OBS ò bá rí i, ẹ dá a padà fún wọn kí ẹ gba òmíràn.