Ẹja abẹ aláró àbí aláwọ̀ ìyeyè: èwo ni kí ẹ rà l'Ájàṣẹ́?

"Ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n rà nínú àwọn méjèèjì?" Ẹni tó bá ti wọ pálọ̀ mi ní Wàńdó, tó rí àpótí dígí tí mo fi ń sin ẹja òkun, ìbéèrè rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀kan mu aró dáadáa, ó ní àmì dúdú gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìrù rẹ̀ sì pọ́n rúsúrúsú. Orúkọ rẹ̀ ni Paracanthurus hepatus. Èkejì, Zebrasoma flavescens, àwọ̀ ìyeyè ni láti ẹnu dé ìrù. Chirurgien ni wọ́n ń pe ìdílé wọn ní èdè Faransé. Òótọ́ sì ni, oníṣẹ́ abẹ ni wọ́n: ẹ̀gún mímú kan wà ní ìdí ìrù wọn lọ́tùn-ún àti lósì. Mo fi àwọ̀n kó aláró kan nígbà kan, ẹ̀gún náà há sínú okùn. Ìgbà tí mo ní kí n fọwọ́ tú u, ó la ìka mi bí ẹni fi abẹ là á. Ike ni kí ẹ máa fi bù wọ́n pẹ̀lú omi.

Èmi á ní kí ẹ ra aláwọ̀ ìyeyè, àyàfi tí àyè bá gbà yín gan-an. Ohun tí wọ́n máa tà fún yín kò ju ìka méjì lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tan èèyàn jẹ. Aláró lè gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, èkejì kì í sábà ju 20 lọ. Látàárọ̀ dalẹ́ ni wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ kiri. Fún aláwọ̀ ìyeyè, mi ò ní gbà kí àpótí kéré sí lítà 400. Fún aláró, lítà 700 ni. Omi lítà 700 nìkan wúwo ju kílò 700 lọ, kí ẹni tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rò ó dáadáa.

Inú àpáta iyùn ni àwọn méjèèjì ń gbé. Aláró wà láti etíkun ìlà-oòrùn Áfíríkà dé inú Pàsífíìkì. Kòkòrò wẹ́wẹ́ inú omi ló ń jẹ jù, ó sì ń fi ewé òkun kún un. Ewé tó lẹ̀ mọ́ àpáta ni oúnjẹ èkejì. Ní Hawaii, ó máa ń ha á jẹ lẹ́yìn ìjàpá òkun pàápàá. Ẹ so ewé òkun gbígbẹ mọ́ ara dígí fún un lójoojúmọ́. (Òkun tiwa náà ní ọ̀kan nínú ìdílé yìí, Acanthurus monroviae, láti Mòrókò títí dé Àǹgólà, ara rẹ̀ ṣú, ṣùgbọ́n àmì rúsúrúsú yí abẹ rẹ̀ ká.)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pọn omi ọ̀sà sínú àpótí. Omi odò ti dà pọ̀ mọ́ omi iyọ̀ níbẹ̀, nígbà ìkún omi kì í níyọ̀ tó rárá. Iyọ̀ tí wọ́n ń tà fún àpótí ẹja òkun ni kí ẹ pò, kí ìwọ̀n rẹ̀ wà ní 1.025 lórí ohun tí a fi ń wọn iyọ̀ inú omi, kí omi sì wà ní ìwọ̀n 25 sí 26 nínú ooru. Ẹ̀ẹ̀rùn wa nílò fáànù lórí omi, ẹ sì ní páǹpù oníbátìrì nílẹ̀ de ọjọ́ tí iná bá lọ.

Àrùn tó ń ta funfun sára ẹja bí hóró iyọ̀, aláró ló máa ń kọ́kọ́ mú. Ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ó tó bá àwọn yòókù pọ̀. Ara aláwọ̀ ìyeyè le jù ú lọ, ṣùgbọ́n oníjà ni, ó máa ń fi ìrù gbá ẹja tó bá jọ ọ́. Ẹyọ kan ṣoṣo tó.

Ẹ má fòyà lóru. Ìyàwó mi jí mi lọ́jọ́ kan: "Bàbá Ràímì, ẹ dìde, ẹja yín ti kú!" Aláró ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ láàárín òkúta, èkejì ti ṣá, ìlà funfun fà lára rẹ̀. Oorun ni wọ́n ń sùn. Nígbà tilẹ̀ mọ́, àwọ̀ wọn ti padà.

Ní ti owó, láti ìgbà tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Hawaii ti dájọ́ ní 2017 nípa ìwé àṣẹ àwọn tó ń kó ẹja fún àpótí, tí kíkó rẹ̀ níbẹ̀ sì dínkù, aláwọ̀ ìyeyè ti wọ́n. Àmọ́ wọ́n ti rí i sìn láti inú ẹyin ní 2015, aláró ní 2016. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà bóyá èyí tí wọ́n sìn ni, torí ó máa ń tètè gba oúnjẹ gbígbẹ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ó fún un ní oúnjẹ lójú yín. Bí ikùn rẹ̀ bá ti wọlé, tí kò sì yíjú sí oúnjẹ, ẹ fi í sílẹ̀.