Tíkẹ́ẹ̀tì Ọ̀pọ̀ àti Tíkẹ́ẹ̀tì Tó Ṣeé Dá Padà: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Ń Ti Ìbàdàn Wọ Ọkọ̀ Òfurufú

Ẹni tó bá ń wá tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú yóò rí i pé iye méjì tàbí mẹ́ta ló wà fún ìrìn àjò kan ṣoṣo, lọ́jọ́ kan náà, nínú ọkọ̀ kan náà. Ẹrù tí wọ́n gbà kí ènìyàn gbé lè yàtọ̀ díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí ìyàtọ̀ gan-an wà ni ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí owó yín bí ìrìn àjò náà bá yẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó wo èyí tó pọ̀ jù, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta: èló ni yóò padà sọ́wọ́ mi bí n kò bá lè lọ mọ́? Èló ni yóò padà bí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ bá ní àwọn kò gbé mi mọ́? Ta ni yóò sì dá a padà fún mi?

Ìrìn àjò ti yẹ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ lórílẹ̀-èdè yìí. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 2020, wọ́n ti pápákọ̀ òfurufú wa pa sí ọkọ̀ tó ń ti òkè òkun bọ̀ nítorí àrùn kòrónà, ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n tó ṣí i padà. Ní ọdún 2022, Emirates dá ìrìn àjò rẹ̀ sí Nàìjíríà dúró nítorí owó rẹ̀ tí kò rí kó jáde, kò sì padà títí di ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2024. Nílé níbí, Air Nigeria kógbá sílé ní ọdún 2012, Aero Contractors dáwọ́ iṣẹ́ dúró fún ìgbà díẹ̀ ní ọdún 2016, ìjọba sì dá Dana Air dúró ní oṣù kẹrin ọdún 2024 lẹ́yìn tí ọkọ̀ rẹ̀ kan yà kúrò lójú ọ̀nà pápá ní Ìkẹjà. Lọ́jọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ìwọ̀nyí ṣẹlẹ̀, àwọn kan ti sanwó tán, wọ́n sì ti di ẹrù.

Ọ̀pọ̀ àti ọ̀wọ́n lórí ìwọ̀n kan

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Àpẹẹrẹ lásán ni iye tí mo fẹ́ lò yìí. Iye tí ẹ bá rí ní tiyín ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ká sọ pé tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ jẹ́ ₦1,150,000, kò ṣeé dá padà, ṣùgbọ́n ₦200,000 nínú rẹ̀ jẹ́ owó orí pápákọ̀ tí wọ́n lè dá padà. Ká sọ pé tíkẹ́ẹ̀tì kejì jẹ́ ₦1,320,000, ó ṣeé dá padà, wọn yóò sì yọ ₦150,000 nínú rẹ̀ bí ẹ bá wọ́gi lé e. Bí ẹ bá lọ, ₦170,000 ni tíkẹ́ẹ̀tì kejì fi wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ẹ kò bá lọ, ₦950,000 ni ẹni tó ra ti àkọ́kọ́ pàdánù, nígbà tí ₦150,000 péré lọ mọ́ ẹni tó ra ti kejì lọ́wọ́.

Ẹ wá wo ènìyàn mẹ́wàá tí ọ̀rọ̀ wọn dà bíi tiyín. Bí ẹnì kan péré nínú wọn kò bá lọ mọ́, àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, lẹ́yìn tí a bá yọ owó tó padà, ná ₦11,300,000 lórí tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀pọ̀, wọn ì bá ná ₦12,030,000 lórí ọ̀wọ́n. Ọ̀pọ̀ ló dára jù. Bí ó bá jẹ́ ẹni méjì ni kò lọ, ọ̀pọ̀ di ₦11,100,000, ọ̀wọ́n di ₦10,860,000, ọ̀wọ́n náà ló wá dára jù. Ohun tó yẹ kí ẹ fi òótọ́ inú dáhùn ni bóyá ẹ wà lára àwọn tí méjì nínú mẹ́wàá wọn kì í lọ. Ẹni tí físà rẹ̀ kò tíì jáde wà lára wọn. Ẹni tí ìyá rẹ̀ wà lórí ibùsùn ní UCH wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dúró de lẹ́tà ilé-ìwé. Ẹni tó ń lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀, tí físà rẹ̀ ṣì ní ọdún kan nílẹ̀, lè ra ọ̀pọ̀ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ní ti físà Schengen, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, ètò ìrìn àjò tí ènìyàn kò tíì sanwó rẹ̀ tó láti fi béèrè fún un. Mo rọ yín, ẹ má ṣe torí físà ra tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ṣeé dá padà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kan máa ń gba owó kékeré láti bá ènìyàn di iye kan mú fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ìyẹn sàn jù.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ka òfin tíkẹ́ẹ̀tì náà. Abẹ́ ibi tí wọ́n kọ PENALTIES sí ni ọ̀rọ̀ wà. NONREF túmọ̀ sí pé owó kò ní padà bí ẹ̀yin bá ni ẹ kò lọ mọ́. NON-END túmọ̀ sí pé ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ mìíràn kò lè gba tíkẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ yín. YQ tàbí YR tí ẹ bá rí láàárín owó orí kì í ṣe owó ìjọba rárá. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ló ni ín, ó sì sábà máa ń bá NONREF lọ. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí jù ni NO-SHOW, ìyẹn ẹni tí kò yọjú, tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyà rẹ̀ wúwo ju ti ẹni tó wọ́gi lé e kí ọkọ̀ tó gbéra lọ, àti pé bí ẹ kò bá wọ ọkọ̀ àlọ, wọn yóò pa àbọ̀ rẹ́ pẹ̀lú.

Ẹni tó wọ́gi lé e ló ni ẹjọ́

Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀, òun ló sì ń ná wọn lówó jù. Gbogbo òfin tí mo kà sókè yìí wà fún ìgbà tí ẹ̀yin bá yí ọkàn padà. Bí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ bá jẹ́ ẹni tó wọ́gi lé ìrìn àjò, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí òfin tíkẹ́ẹ̀tì, ó ti bọ́ sábẹ́ òfin ìlú, ẹni tó ra NONREF náà sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó rẹ̀ padà. Nítorí èyí, bí ìròyìn bá ń jà pé wọn kò ní fò mọ́, ẹ má ṣe sáré wọ́gi lé tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀pọ̀ yín. Ẹ dúró títí di ọjọ́ tó kù díẹ̀ kí ọkọ̀ gbéra. Ẹni tó wọ́gi lé e lónìí gba owó orí pápákọ̀ nìkan. Ẹni tó dúró di ọ̀la tí wọ́n fi wọ́gi lé e fún un gba gbogbo owó rẹ̀.

Òfin náà kò rí bákan náà níbi gbogbo. Fún ọkọ̀ tó ń fò láàárín Nàìjíríà, NCAA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìrìn àjò òfurufú, ní bí ọkọ̀ bá pẹ́ ju wákàtí kan lọ, kí wọ́n fún èrò ní ìpanu. Bí ó bá ju wákàtí méjì lọ, èrò lè gba owó rẹ̀. Bí ìdádúró náà bá sì bọ́ sáàárín agogo mẹ́wàá alẹ́ sí agogo mẹ́rin ìdájí, kí wọ́n wá hòtẹ́ẹ̀lì fún un. Ní Yúróòpù, òfin EU261 ní kí wọ́n dá owó padà láàárín ọjọ́ méje, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fi fáọ́ṣà, ìyẹn ìwé tí ènìyàn lè fi ra tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn lọ́wọ́ wọn, dípò owó àyàfi tí èrò bá fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé wọ́n wọ́gi lé e nígbà tí kò tó ọjọ́ mẹ́rìnlá mọ́ kí ọkọ̀ gbéra, tí kì í sì í ṣe ohun tó kọjá agbára wọn, ìrìn àjò tó ju kìlómítà 3,500 lọ lè fún yín ní €600 lórí owó tíkẹ́ẹ̀tì. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jọ ọ́ pè é ní £520.

Ẹ kíyè sí ibi tí òfin yìí mọ. Ó mú gbogbo ọkọ̀ tó bá gbéra láti Yúróòpù, irú ilé-iṣẹ́ yòówù kó ni ín. Ṣùgbọ́n láti Èkó lọ sọ́hùn-ún, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ tiwọn nìkan ló mú. Ẹni tó wọ Air France láti Ìkẹjà lọ sí Paris wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó wọ EgyptAir gba Cairo lọ kò sí lábẹ́ rẹ̀ ní àlọ. Tíkẹ́ẹ̀tì tó gba Cairo tàbí Addis Ababa kọjá sábà máa ń pọ̀ ju èyí tó lọ tààrà, n kò sì lòdì sí i, àmọ́ ẹ ka èyí mọ́ ìyàtọ̀ owó rẹ̀.

Ti Amẹ́ríkà rọrùn jù fún ẹni tó ń rà. Bí ẹ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì ìrìn àjò ibẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀, tó sì ku ọjọ́ méje ó kéré tán kí ọkọ̀ gbéra, ẹ lè wọ́gi lé e láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún tí ẹ rà á kí gbogbo owó yín padà, àyàfi bí ilé-iṣẹ́ náà bá ń bá ènìyàn di iye mú lọ́fẹ̀ẹ́ fún wákàtí náà dípò èyí. Láti ọdún 2024 ni wọ́n sì ti kọ ọ́ pé bí wọ́n bá sún àkókò ìrìn àjò òkè òkun kúrò ní wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí èrò kò sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà.

Ọwọ́ ta lẹ ti rà á?

Àyè mẹ́ta ló wà: ìkànnì ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀, àwọn ìkànnì ńlá tó ń ta ti gbogbo wọn pọ̀, àti àwọn ẹ́jẹ́ǹtì tó wà káàkiri Dùgbẹ̀, Mọ́kọ́lá àti Ring Road. Ìkànnì ńlá dára láti fi wo iye. Láti rà, n kì í gba ènìyàn nímọ̀ràn rẹ̀ lásìkò tí nǹkan kò fara rọ, nítorí pé nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ yóò ní kí ẹ lọ bá ẹni tó tà á fún yín, ẹni náà yóò sì ní kí ẹ lọ bá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀.

Ẹ́jẹ́ǹtì Ìbàdàn ní àǹfààní kan tí ìkànnì kò ní: ẹ lè rìn lọ bá a. Àmọ́ ìrírí ti kọ́ mi ní ohun tí mo gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, mo bá àbúrò mi obìnrin ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹ́jẹ́ǹtì kan. Lẹ́yìn tí wọ́n ti pápákọ̀, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì láti bi wá bóyá owó la fẹ́ tàbí fáọ́ṣà, a kò sì rí ọ̀kan nínú rẹ̀. Oṣù keje ni mo tó jókòó níwájú tábìlì ẹ́jẹ́ǹtì náà. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi, mo tẹ̀ síwájú kà á: orúkọ àbúrò mi wà níbẹ̀ láìsí àṣìṣe, ṣùgbọ́n ímeèlì àti nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti ọ́fíìsì náà, tí wọ́n ti tì láti oṣù kẹta. Ọjọ́ ìdáhùn ti kọjá, wọ́n ti fi fáọ́ṣà ọdún kan sí i. Náírà tí a san kò padà sọ́wọ́ wa mọ́.

Láti ìgbà náà, kí n tó dìde níwájú ẹ́jẹ́ǹtì èyíkéyìí, mo máa ń rí i dájú pé ímeèlì àti nọ́ńbà ẹni tó ń rìnrìn àjò ló wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń béèrè nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì. Àmì mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní PNR kì í ṣe ẹ̀rí pé wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà mẹ́tàlá ni tíkẹ́ẹ̀tì gan-an ní, mẹ́ta àkọ́kọ́ sì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀: 125 ni British Airways, 071 ni Ethiopian, 157 ni Qatar. Ẹ tẹ orúkọ yín àti PNR sí ìkànnì ilé-iṣẹ́ náà níbẹ̀, lójú ẹ́jẹ́ǹtì. Ẹ sì béèrè ọ̀nà tí owó yóò gbà padà, nítorí pé ibi tí owó ti wá ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ máa ń dá a padà sí. Bí ó bá gba ọwọ́ ẹ́jẹ́ǹtì lọ, ọwọ́ ẹ́jẹ́ǹtì ni yóò gbà bọ̀. Ẹ gba rìsíìtì tó kọ iye tí òun yóò yọ fún iṣẹ́ rẹ̀ sí.

Tíkẹ́ẹ̀tì kan tàbí méjì, Alákìá tàbí òpópónà

Àwọn kan máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ abẹ́lé láti Alákìá, pápákọ̀ Ìbàdàn, wọn a tún ra ti òkè òkun lọ́tọ̀, nítorí pé owó rẹ̀ lè dín díẹ̀ ju kí wọ́n ra méjèèjì pa pọ̀ lọ. Bí méjèèjì bá wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ pẹ́, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà mìíràn fún yín. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, ẹni tó ni ọkọ̀ kejì yóò kà yín sí ẹni tí kò yọjú. Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, nígbà tí ọyẹ́ bá bo ojú sánmà, ọkọ̀ abẹ́lé lè dúró títí di ọ̀sán tàbí kí wọ́n wọ́gi lé e pátápátá. N kò ní bá ẹnikẹ́ni ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì lásìkò yẹn. Ọkọ̀ ilẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, tàbí reluwé láti Mọ́níyà, kí ẹ sì sùn sí Èkó, ló fini lọ́kàn balẹ̀ jù.

Ní ti ìbánigbófò, ẹ ka ohun tó bò. Èyí tí físà Schengen ń béèrè, tó jẹ́ ti ìtọ́jú ìlera tó tó €30,000, kò sọ pé owó tíkẹ́ẹ̀tì yín yóò padà bí ẹ kò bá lọ.

Bí àtẹ̀jíṣẹ́ ìwọ́gilé bá wọlé

Ẹ má ṣe tẹ ACCEPT lójú ẹsẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ áàpù, bọ́tìnnì tó tóbi jù ni ti fáọ́ṣà tàbí ti ọjọ́ mìíràn, ti owó sì wà nísàlẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ kéré. Ẹni tó tẹ ti fáọ́ṣà ti jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Owó gan-an ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì tètè béèrè rẹ̀, nítorí pé náírà lẹ san, náírà ni yóò padà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi ₦460 kọjá ₦700 kí oṣù náà tó parí, ẹni tí owó rẹ̀ há sọ́wọ́ wọn lásìkò yẹn kò lè fi ra tíkẹ́ẹ̀tì kan náà mọ́. Ẹ ya àwòrán àtẹ̀jíṣẹ́ ìwọ́gilé náà pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò rẹ̀, ẹ kọ ímeèlì sí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀, kí ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́tàlá yẹn sínú rẹ̀, kí ẹ sì sọ ní kedere pé owó lẹ fẹ́, ẹ kò gba fáọ́ṣà. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ̀dà ímeèlì yẹn àti àwòrán náà ni ẹ ó mú lọ bá NCAA.