Ohun Èlò Ìdáná Àtijọ́ Gidi àti Àwòṣe Rẹ̀: Èwo Ni Kí Ẹ Ná Owó Lé Lórí?

Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ilé ìdáná òun rí bí ti ayé àwọn ìyá wa àgbà ní ọ̀nà méjì lónìí. Ọ̀nà kìíní ni kí ó wá àwọn nǹkan tí wọ́n ṣe láyé ìgbà náà gan-an: abọ́ ẹnámẹ̀lì, kẹ́tùlù funfun tí etí rẹ̀ jẹ́ búlúù, bàsíà olódòdó tí wọ́n kó pẹ̀lú ẹrù ìyàwó lọ sílé ọkọ. Ọ̀nà kejì ni kí ó ra àwòṣe, ìyẹn ohun tuntun tí ilé-iṣẹ́ ṣe láìpẹ́ yìí tí wọ́n sì fún ní àwọ̀ àti ìrísí àtijọ́. Ní Abẹ́òkúta, méjèèjì wà nílẹ̀. Ti àtijọ́ ń jáde láti inú àpótí àwọn ìdílé ní Aké àti Ìjàyè, láti orí kẹ̀kẹ́ àwọn tí ń ra kọ́ńdẹ̀mù káàkiri àdúgbò, tàbí láti abẹ́ àtẹ àwọn ìyá tí ń ta àlòkù ní ọjà Kútọ̀ àti Làfẹ́nwá. Àwòṣe wà nínú ṣọ́ọ̀bù ní Òkè-Ìléwó àti Pánsẹ́kẹ́, ó sì tún wà lórí fóònù lọ́wọ́ àwọn tí ń fi ọ̀kadà gbé ọjà wá sí ẹnu ọ̀nà.

Mo ti lo méjèèjì. N kò ní í sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí àwọ̀ àti ìrísí, nítorí pé ojú oníkálukú ni ó mọ ohun tí ó wù ú. Ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ń náwó mọ̀ wà lábẹ́ àwọ̀ náà.

Ohun tí ó bo irin

Ẹnámẹ̀lì ojúlówó kì í ṣe ọ̀dà, dígí ni. Wọ́n lọ dígí náà kúnná bí èlùbọ́, wọ́n fi bo irin, wọ́n sì gbé e sínú ààrò tí ooru rẹ̀ tó nǹkan bí 800 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ̀sì, títí tí ó fi yọ́ tí ó sì lẹ̀ mọ́ irin náà pátápátá. Ìbora àkọ́kọ́ sábà máa ń dúdú tàbí kí ó jẹ́ búlúù tí ó ki, nítorí pé èròjà cobalt wà nínú rẹ̀ tí ń jẹ́ kí dígí di irin mú. Lórí ìyẹn ni wọ́n tó wá fi funfun tàbí àwọ̀ mìíràn sí, tí wọ́n sì tún gbé e padà sínú ààrò. Ìdí nìyí tí abọ́ àtijọ́ tí ó bá já lulẹ̀ fi máa ń ní ojú dúdú níbi tí ó ti ṣí. Nítorí pé dígí ni, epo pupa kò lè pa á láró, òórùn ẹja kò dúró sára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ata àti tòmátò kò lè jẹ ẹ́. Mo ní bàsíà kan tí a ti ń ro láfún sí kí n tó mọ̀ ọ́n rò fúnra mi, tí inú rẹ̀ ṣì ń dán bí a bá fi kànìnkànìn àti ọṣẹ lásán fọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ àwòṣe kò rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ṣì ń ṣe é ní ìlànà dígí àti ààrò, bíi Falcon ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí orúkọ rẹ̀ ti wà láti àwọn ọdún 1920, ṣùgbọ́n kí irú rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa, owó ọkọ̀ ojú omi àti owó ẹnubodè á ti gun orí rẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjà wa jẹ́ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tàbí alumíníọ̀mù tí wọ́n fín ọ̀dà sí lára, tí wọ́n sì pè ní ẹnámẹ̀lì. Wọ́n tilẹ̀ máa ń fi ọ̀dà dúdú ya ojú ibi tí ó ṣí sí etí rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́, kí ó lè jọ ohun tí ó ti dàgbà.

Kẹ́tùlù aláwọ̀ ewé kan tí mo rà lọ́wọ́ ẹni tí ń ta ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n kọ “ẹnámẹ̀lì” gàdàgbà sí ara páálí rẹ̀, kò tíì hó omi tán ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ìdí rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí lé. Ọ̀dà náà wú, ó bẹ́, ó sì ń bó ní abala-abala sórí gáàsì, òórùn rẹ̀ sì gba ilé débi pé a ní láti ṣí gbogbo fèrèsé. Nígbà tí mo pe olùtajà, èsì tí ó fún mi ni pé, “Ẹ̀gbọ́n, iná yín ni ó pọ̀ jù.” Kẹ́tùlù tí a kò gbọdọ̀ gbé ka iná! Ó ní òun kì í gba ọjà tí omi bá ti kàn padà. Ohun tí mo rí lábẹ́ ọ̀dà náà ni irin funfun tí ń kọ mànà, kò sí ìbora dúdú kankan. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kejì, ó ti dípẹtà. Gbogbo owó náà lọ bẹ́ẹ̀, n kò sì rí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà tún un ṣe, nítorí pé kò sí ọ̀dà tí a lè fi kun inú tàbí ìdí ohun tí ń hó omi mímu tí ọkàn ẹni yóò fi balẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ́ bí a ṣe ń dán an wò kí ẹ tó sanwó, ì báà jẹ́ àtijọ́, ì báà jẹ́ tuntun. Ẹ mú òòfà lọ́wọ́. Èyí tí ó wà nínú ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn jáde lára rédíò tí ó ti bàjẹ́ tó. Bí òòfà kò bá lẹ̀ mọ́ abọ́ náà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n fín ọ̀dà sí lára. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi etí owó ẹyọ ha ìdí rẹ̀ níbi tí kò hàn: ọ̀dà yóò gba ìlà, dígí kò ní í gbà á. Ẹ fi ìka lù ú kí ẹ sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Ojúlówó máa ń dún gbọnrangandan, ohùn náà sì máa ń pẹ́ kí ó tó kú, àfi bí ó bá ti là níbì kan. Ẹ wo ibi tí ó ti ṣí. Bí etí ibẹ̀ bá mú bí ẹ bá fi ìka kàn án jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tí ó sì dúdú nísàlẹ̀, dígí ni. Bí ó bá ṣeé fi èékánná ká, ẹ gbé e sílẹ̀.

Ti kẹ́tùlù gba sùúrù ju ti abọ́ lọ. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú rẹ̀ kí ẹ sì wo ẹnu rẹ̀ tí omi ń gbà jáde, níbi tí wọ́n ti so ó pọ̀ mọ́ ara, nítorí pé ibẹ̀ ni ìpẹtà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ń ta àlòkù pàápàá ní ọgbọ́n tiwọn: àwọn mìíràn máa ń fi ọ̀dà funfun bo ibi tí ó ti ṣí. Owó ẹyọ kan náà ni yóò tú àṣírí wọn.

Ẹ tún yí abọ́ náà dà kí ẹ wo èdìdì ìdí rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá kọ “Made in Czechoslovakia” sí ti pẹ́ ju 1993 lọ, nítorí pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn ni orílẹ̀-èdè náà pín sí méjì. Èyí tí wọ́n bá kọ “West Germany” sí ti wà kí Jámánì méjèèjì tó di ọ̀kan ní 1990. Ẹlẹ́tàn kì í sábà rántí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ìpalára tí ó lè wà nínú ti àtijọ́

N kò ní í fi èyí pamọ́. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń fi èròjà cadmium ṣe àwọ̀ pupa, ọsàn àti yẹ́lò, òjé sì wà nínú ọ̀dà tí wọ́n fi ya òdòdó sára ọ̀pọ̀ ife dígí. Abọ́ tí inú rẹ̀ funfun, tí òdòdó rẹ̀ sì wà ní ẹ̀yìn nìkan ni mo máa ń gbà láti jẹun. Èyí tí inú rẹ̀ pupa fòò yẹ fún ara ògiri tàbí fún èso tí a kò tíì bó. Abọ́ tí inú rẹ̀ ti ṣí náà kò yẹ fún oúnjẹ, nítorí ìpẹtà àti nítorí pé èérún dígí lè máa já bọ́ sínú ọbẹ̀. Ẹ má sì da omi tútù sínú ìkòkò ẹnámẹ̀lì gbígbóná tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, nítorí pé dígí àti irin kì í sún kì bákan náà. Bí ó bá ti là, ó ti là nìyẹn.

Iye owó, ìbáramu àti ìfọ̀

Iye owó ti àtijọ́ kò ní òfin: ẹni tí ó ń tà á bí irin lásán yóò gba díẹ̀, ẹni tí ó bá rí i pé aṣọ yín dára yóò gba púpọ̀. Àwòṣe ní iye tí a kọ sára rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ abọ́ méjìlá tí ó jọra wọn délẹ̀délẹ̀, àwòṣe ni yóò rọrùn fún yín. Ní ti ìfọ̀, ẹ má fi irin ìfọkòkò ha èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ohun tí ń lo iná mànàmáná

Níbí ni mo ti gbà fún àwòṣe. Fíríìjì àtijọ́ tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ rí ròbòtò wuyì lójú, ṣùgbọ́n R12 ni gáàsì tí ń mú ọ̀pọ̀ wọn tutù, àdéhùn àgbáyé ti Montreal ní 1987 ni ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ gáàsì yẹn nítorí pé ó ń ba ìpele ozone tí ń dáàbò bo ayé lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn jẹ́. Nígbà tí yóò fi di 2010 ni ó yẹ kí àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa ti dáwọ́ rẹ̀ dúró pátápátá. Bí oníṣẹ́ fíríìjì bá rọ R134a, gáàsì tí ó rọ́pò R12, sínú rẹ̀ láìpààrọ̀ òróró kọ́ńpírẹ́sọ̀, kò ní í pẹ́ tí yóò fi kọṣẹ́, torí pé òróró ti àtijọ́ kò bá gáàsì náà rẹ́. Àwòṣe fíríìjì, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ SMEG ti Ítálì mú jáde ní 1997 tí àwọn mìíràn sì ń ṣe àfarawé rẹ̀, ni kí ẹ rà bí ẹ bá fẹ́ ìrísí yẹn. Ẹni tí ó bá ti ní ti àtijọ́ lè fi kó àwo sí.

Ẹ̀rọ tí ń po ìyẹ̀fun kò le tó bẹ́ẹ̀. Ìrísí ẹ̀rọ KitchenAid ti Amẹ́ríkà tí a ń rí lónìí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ayàwòrán ọjà kan, Egmont Arens, yà ní 1937, nítorí náà kò sí ohun tí ẹ pàdánù bí ẹ bá ra tuntun. Tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ń lo fólítì 120, tiwa sì jẹ́ 230. Láìsí tiransifọ́mà tí ń rẹ iná sílẹ̀, yóò jó ní ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ tàn án. Ẹ̀rọ Kenwood àtijọ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní wàhálà yẹn, nítorí pé iná wọn àti tiwa sún mọ́ra.

Aṣọ fèrèsé àti aṣọ tábìlì

Àwa tí a ń gbé ní Abẹ́òkúta kò ní ìdí láti ra aṣọ tí wọ́n tẹ̀ ní òkèèrè láti fi ṣe ọ̀ṣọ́ àtijọ́, nígbà tí ọjà àdìrẹ Ìtòkú wà nítòsí. Ṣùgbọ́n àwòṣe ti dé ibẹ̀ náà. Ẹ yí aṣọ náà dà: àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ẹ̀kọ láfún ya, tí wọ́n sì rẹ sínú aró, yóò ní ẹ̀yìn tí aró mu dáadáa, tí àwòrán rẹ̀ sì ṣú díẹ̀, èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ máa ń ṣá lẹ́yìn. Aró gidi lè yọ ní ìgbà àkọ́kọ́ tí a bá fọ̀ ọ́, nítorí náà ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀.

Èwo ni kí ẹ rà?

Méjèèjì ní àǹfààní tirẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo kórìíra ohun tuntun. Àwòṣe dára fún ẹni tí ó ń fẹ́ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, fún ẹni tí kò ní àsìkò láti rìn ní ọjà, fún ohun tí yóò máa wà lórí pẹpẹ tí a kò ní í gbé ka iná, àti fún ohunkóhun tí ó ní wáyà. Ti àtijọ́ dára fún ohun tí a fi ń se, tí a fi ń jẹ, tí a fi ń gbé omi, tí a sì fẹ́ kí ọmọ ẹni bá nílẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wá bàsíà, nítorí pé òun ni ó rọrùn jù lọ láti yẹ̀ wò: gbogbo inú rẹ̀ hàn sí ojú, kò ní ìsopọ̀, kò ní ìdérí tí ó lè sọnù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ wá abọ́, kí kẹ́tùlù sì gbẹ̀yìn. Kí ẹ tó lọ sí ọjà rárá, ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà yín ohun tí ó wà nínú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Ẹ má ṣe sọ fún wọn pé ọ̀ṣọ́ ni ẹ fẹ́ fi ṣe, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn kì í fi abọ́ wọn fún ẹni tí kò ní í fi jẹun.